Ajá Ọdẹ Nínú Ilé Ọlọ́mọ: Bí A Ṣe Ń Bá Vizsla Gbé

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Vizsla nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa lè rò pé ajá jẹ́jẹ́ ni, nítorí yóò bá a níbi tó ti gbé orí lé ẹsẹ̀ ọmọdé kan, tó ń sùn. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò rí ni eré tí ajá náà ti sá ní pápá kí àwọn ará ilé tó jẹun àárọ̀. Ajá yìí tó ti dàgbà nílò eré ìdárayá tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ìdílé tó bá ń gbèrò láti mú un wọlé, pàápàá àwa tí a ń gbé ní ìlú Ọba, níbi tí òjò àti òkùnkùn ti ń bá iṣẹ́ àárọ̀ jà, ní láti kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ilẹ̀ Hungary ni Vizsla ti wá. Ó pọ́n bí bàbà, akọ rẹ̀ sì máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 56 sí 61 ní èjìká. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe fún ọdẹ: yóò fi imú wá ibi tí ẹyẹ tàbí ehoro sá pamọ́ sí, yóò dúró bí ère láti fi ibẹ̀ han ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí ìbọn bá sì ti dún, yóò lọ gbé ohun tó já bọ́ wá, ìbáà jẹ́ nínú koríko tàbí nínú omi. Ajá tí wọ́n ti ń bí fún irú iṣẹ́ báyìí láti ìrandíran kò lè jókòó lásán. Bí ẹ kò bá fún un níṣẹ́, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ lára bàtà, ìrọ̀rí àti ẹsẹ̀ àga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe èyí ní ìwà burúkú. Lójú tèmi, àìríṣẹ́ṣe ni.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà wà fún. Ẹ bọ ẹran adìẹ díẹ̀ láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí àwọn ọmọ sì fi pamọ́ káàkiri inú koríko ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ tó wá sọ fún ajá pé kó wá a. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú eré yìí ń rẹ̀ ẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kan, bí ẹyẹlé bá wà lábẹ́ igi òdòdó, ẹ ó rí i tí yóò dúró lójijì, tí yóò gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, tí yóò na ìrù gbọọrọ, tí imú rẹ̀ yóò sì dojú kọ ibẹ̀ bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn. Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì jẹ́ ọmọ ajá, ẹ má ṣe mú un sá eré gígùn lórí kọ́ńkéré, nítorí egungun rẹ̀ kò tíì gbó.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú ọ̀rọ̀ Vizsla, òwe yìí kì í ṣe àfiwé rárá, nítorí nígbà tí òórùn ehoro bá ti wọ imú rẹ̀, etí rẹ̀ á di. Nítorí náà, láti kékeré ni ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ pé bí fèrè bá ti dún, ẹran ń bọ̀, ẹ sì máa fi okùn gígùn tó mítà mẹ́wàá mú un títí yóò fi dá yín lójú. Òfin ilẹ̀ England fi àyè sílẹ̀ fún àgbẹ̀ láti yìnbọn pa ajá tó ń da àgùntàn rẹ̀ láàmú, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó bójú mu láti dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà sí ilé tí ajá ti ń sùn sí ìta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí. Irun rẹ̀ kúrú, kò sì ní irun múlọ́múlọ́ abẹ́ tí àwọn ajá mìíràn fi ń gba òtútù. Yàtọ̀ sí èyí, yóò máa tẹ̀ lé yín láti yàrá dé ilé ìdáná, ìdánìkanwà sì máa ń bà á nínú jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó fi kọ́ ọ láti dá wà, láti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ sí wákàtí kan.

Ó fẹ́ràn ọmọdé, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré bọ̀, ó lè gbá ọmọ ọdún mẹ́ta ṣubú láìmọ̀ọ́mọ̀. Ẹ má ṣe fi òun àti ọmọ kékeré sílẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀, kí ọmọ má sì ṣe sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń jẹun. Nígbà tí ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń bá ajá wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kan, ó gbé sálúbàtà wọn, màmá figbe ta pé olè ni. Ẹsẹ̀ wọn ló gbé e wá bá, kò sì sí ojú eyín kan lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe. Bó bá gbé ohun tí kò yẹ, ẹ má lé e. Ẹ fi oúnjẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, àjẹkù ọbẹ̀ wa kò dára fún un, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ṣokoléètì, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní xylitol. Egungun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóṣóró, ó sì lè gún ìfun. Àyà rẹ̀ jìn, ikùn irú ajá bẹ́ẹ̀ sì lè wú kó sì lọ́ pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tó ń gbìyànjú láti bì, tí nǹkan kò jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àbájáde àyẹ̀wò eegun ìbàdí àwọn òbí rẹ̀, ẹ rí ìyá rẹ̀ lójú, kí ẹ sì rí i pé máíkíróṣíìpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, ti wà lábẹ́ awọ rẹ̀, nítorí òfin England ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016. Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo ilé jókòó, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa mú un jáde láago mẹ́fà àárọ̀ nínú oṣù kọkànlá sára ìwé, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Bí ọjọ́ kan bá wà tí kò ní orúkọ, ẹ má tíì ra ajá náà.