Epoxy tó ń dí sáńpépà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ pláíwùùdù kékeré kan ni mò ń kàn lẹ́yìnkùlé ní Ìkòròdù. Alẹ́ ni mo kun epoxy sí i lára, ìyẹn àtè olómi tí wọ́n ń po résìn àti hádínà (èyí tó ń mú un le) pọ̀ láti ṣe. Ó ti le nígbà tílẹ̀ mọ́, àmọ́ bí mo ṣe ní kí n máa fá a, kíá ni sáńpépà dí. Ṣé ayédèrú sáńpépà ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: O kú iṣẹ́, àbúrò. Sáńpépà kọ́ ló jẹ̀bi. Fi ọwọ́ pa ojú epoxy náà wò. Bó bá ń yọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ìda pa á, hádínà ló pàdé ọ̀rinrin àti carbon dioxide inú afẹ́fẹ́, ohun tó bí nìyẹn. Lásìkò òjò, létí ọ̀sà, ó máa ń pọ̀. Omi ló ń yọ ọ́, tínà kò ràn án. Bu omi tó mọ́, fi kànrìnkàn ìfọkòkò fọ gbogbo ojú rẹ̀, kó o sì fi aṣọ nù ún kí omi náà tó gbẹ, torí bó bá gbẹ síbẹ̀, ìda yẹn á padà jókòó. Máa pààrọ̀ omi. Ìgbà yẹn ni kó o tó fá a. Bó o bá kọ́kọ́ fá a, ńṣe lo kàn ń tan ìda káàkiri, ọ̀dà tó bá sì gorí rẹ̀ á bó dànù.

Lọ́jọ́ mìíràn, kun ìpele kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀. Wọn á so pọ̀ láìsí pé o ń fá ohunkóhun láàárín wọn.

Ìbéèrè: Àwọn ojú ibì kan ṣì rọ̀ títí di òní. Ṣé kí n fi hádínà kún ti ọ̀tẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Rárá o! Ohun tí agolo bá sọ ni kó o wọ̀n, ì báà jẹ́ résìn 2 sí hádínà 1 tàbí 5 sí 1. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú hádínà kò ní rí résìn tó máa dàpọ̀ mọ́, á sì wà níbẹ̀ ní rírọ̀. Nígbà tí ibì kan le tí ibòmíràn rọ̀, àìpò dáadáa ni: ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ife bó o ṣe ń pò ó. Ha gbogbo èyí tó rọ̀ kúrò pátápátá. Tuntun kò lè mú ògbólógbòó tó wà lábẹ́ rẹ̀ le.

Ìbéèrè: Látìgbà tí mo ti ń fá a, apá ń yún mi, ara mi sì ń sú.

Ìdáhùn: Dá iṣẹ́ dúró lónìí. Mo ń bẹ̀ ọ́, má fi èyí ṣeré. Eruku epoxy tí kò tíì le tán ló burú jù. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé. Bí kò bá lọ, rí dókítà. Kó o tó padà síbẹ̀, jẹ́ kí epoxy náà lo bí ọ̀sẹ̀ kan. Lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, kó o sì máa fi omi rin sáńpépà kí eruku má bàa fò. Ọṣẹ àti omi ni fún awọ ara. Tínà ń gbé epoxy wọnú awọ ni.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n fá a dé?

Ìdáhùn: Sáńpépà nọ́ńbà 80 fún gegele, 120 lẹ́yìn rẹ̀, 220 kí ọ̀dà tó gorí. Bó o bá fi aṣọ fáíbà (aṣọ tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun) sábẹ́ epoxy, tí òwú rẹ̀ bá ti ń hàn, dúró, torí òun ló gbé agbára ọkọ̀ náà ró. Má sì fi epoxy sílẹ̀ ní ìhòòhò: oòrùn ń bà á jẹ́. Fi ọ̀dà bò ó, tàbí fáníìṣì tó ń dènà oòrùn.