Bí ẹ ṣe lè sọ ẹni tó mú ìjábọ̀ bug wá di ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́

Ẹni tó lo sọ́fítíwíà yín, tó rí i pé ó kọṣẹ́ (bug nìyẹn), tó wá jókòó kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí yín, ti bá yín ṣiṣẹ́ ná. Ọ̀pọ̀ alábòójútó iṣẹ́ open source (sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn) ni kì í wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa wá ẹni tí yóò bá wọn kọ kóòdù kiri, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti kan ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà lójúde, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Ibi ìjábọ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù

"Mo gba ẹ̀dà tuntun, kò ṣí fáìlì mi mọ́." Irú ìjábọ̀ báyìí ló wọ́pọ̀, ẹ̀bi ẹni tó kọ ọ́ sì kọ́, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún un. Lórí GitHub, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source ń kó kóòdù wọn sí, ẹ ṣe fódà `.github/ISSUE_TEMPLATE`, kí ẹ fi fáìlì `bug_report.yml` sínú rẹ̀. Òun ni yóò di fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ mú ìjábọ̀ wá máa rí. Nǹkan márùn-ún péré ni kó béèrè:

- nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà (ẹ má gba "èyí tó tuntun jù", torí tuntun òní kọ́ ni tuntun oṣù tó ń bọ̀)
- irú kọ̀ǹpútà àti operating system tó ń lò
- ìgbésẹ̀ tó gbé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
- ohun tó retí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an
- ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó jáde, ní lẹ́tà, kó má jẹ́ àwòrán, torí ẹni tí irú nǹkan náà bá tún ṣẹlẹ̀ sí kò ní lè fi ọ̀rọ̀ inú àwòrán wá ìjábọ̀ náà rí.

Ẹ̀dà, ìgbésẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi `required: true` sí. Bí gbogbo àpótí bá di dandan, àmì ìdánudúró ni àwọn ènìyàn á máa tẹ̀ sínú wọn kí wọ́n lè kọjá. Àpótí ọ̀rọ̀ àṣìṣe ní tirẹ̀, ẹ fún un ní `render: shell` kí ìlà má baà dà rú, kí ẹ sì kọ ìkìlọ̀ sókè rẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ tún fi `config.yml` sínú fódà kan náà, kí ẹ kọ `blank_issues_enabled: false` sí i. Bí kò bá sí èyí, wọ́n á yẹ fọ́ọ̀mù yín sílẹ̀. Ìbéèrè lásán ni kí `contact_links` darí sí Discussions, gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí GitHub. Ti àléébù ààbò ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ rárá, nítorí ojú gbogbo ayé ni issue (orúkọ tí GitHub ń pe ìjábọ̀) wà: ẹ kọ ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ sínú `SECURITY.md`, kí ẹ sì tan private vulnerability reporting nínú Settings.

Kí ẹ dáhùn kíákíá, kí ẹ béèrè ẹyọ kan

Ọjọ́ méjì ti pọ̀ tó fún ìdáhùn àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kí ẹ ti mọ ojútùú. Ohun tí ẹni náà ń wò ni bóyá ènìyàn wà nílé. Ẹ gbìyànjú ìgbésẹ̀ tó kọ, lórí ẹ̀dà tó sọ, nínú fódà tó mọ́, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, torí gbogbo ohun tó lè má sí lórí kọ̀ǹpútà ẹni náà ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ irú èyí:

> Ẹ ṣeun tí ẹ mú èyí wá. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀dà 2.4.1. Fáìlì púpọ̀ ṣí, àmọ́ èyí tí àlàfo wà nínú orúkọ rẹ̀ kọ̀. Ṣé tiyín náà ní àlàfo?

Ẹyọ ìbéèrè kan ni, ó sì fi hàn pé ẹ ti fọwọ́ kàn án. Bí ìbéèrè bá di mẹ́fà, ẹni náà á ní òun á dáhùn tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀, kò sì ní padà wá.

Àmì (label) mẹ́rin tó láti fi ya ìjábọ̀ sọ́tọ̀: `needs-triage` (ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò), `needs-info` (ẹ ń dúró de ìdáhùn), `confirmed` (ẹ ti rí i pé òótọ́ ni) àti `good first issue` (iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tuntun). Fọ́ọ̀mù lè fi àkọ́kọ́ sí i fúnra rẹ̀, bí ẹ bá kọ `labels: ["needs-triage"]` sókè fáìlì náà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá àmì náà sílẹ̀; GitHub kì í dá èyí tí kò sí. Iṣẹ́ tó ní ogójì àmì, kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n bó ṣe yẹ níbẹ̀.

Bí ìjábọ̀ méjì bá jọra, ẹ kọ `Duplicate of #310` sábẹ́ ọ̀kan kí ẹ tó tì í pa. Èyí tó kún jù ni kí ẹ dá sí, ì báà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn, kí ẹ sì kó ohun tuntun inú èkejì sínú rẹ̀.

Róbọ́ọ̀tì tó ń ti issue pa ń bí ènìyàn nínú ju bug fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lo `actions/stale` bó ṣe wà, ọgọ́ta ọjọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ni yóò fi sọ pé issue ti gbó, ọjọ́ méje lẹ́yìn náà ni yóò tì í pa, ì báà jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ dákẹ́. Ẹ fi `only-labels: needs-info` dè é, kó lè jẹ́ ẹni tí ẹ bi léèrè tí kò dáhùn nìkan ni yóò kàn.

Ọdẹ bug tí kò gba kí ènìyàn mọ kóòdù

Bí ẹni náà bá ní ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀dà 2.3.0, tó sì bàjẹ́ ní 2.4.1, `git bisect` á wá commit (àyípadà kan tí a fi pamọ́ sínú kóòdù) tó bà á jẹ́ jáde:

```
git bisect start
git bisect bad v2.4.1
git bisect good v2.3.0
git bisect run ../idanwo.sh
```

Ìdajì-ìdajì ni ó ń gé e, nítorí náà bí commit tó wà láàárín bá tó 1,000, nǹkan bí ìdánwò mẹ́wàá ló máa gbà. Kí `idanwo.sh`, fáìlì àṣẹ kékeré tí ẹ ó kọ fún ìdánwò náà, parí pẹ̀lú 0 bí fáìlì bá ṣí, kó fi 1 parí bó bá kọ̀, kó sì fi 125 parí bí sọ́fítíwíà náà kò bá tiẹ̀ ṣe é kọ́ ní commit yẹn. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé 125 yìí, tó ń sọ fún bisect pé kó fo commit náà. Commit tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n á wá di ẹ̀bi rù. Ẹ fi `idanwo.sh` síta fódà iṣẹ́, torí bisect ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ẹni tó mú ìjábọ̀ wá lè ṣe èyí. Ẹ fi àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti `idanwo.sh` ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sọ pé yóò ràn yín lọ́wọ́. Nígbà tó bá fi padà dé pẹ̀lú commit lọ́wọ́, ó ti ní kóòdù yín lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ohun tó kù kò tó nǹkan.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́

Bug tó ti sú ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ni `good first issue`. Èyí tí ẹ lè tún ṣe ní ìdajì wákàtí ni, tí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ṣòro láti ṣe, mo mọ̀, torí kíkọ ọ́ sílẹ̀ lè pẹ́ ju títún un ṣe lọ. Báyìí ni kó rí:

> Orúkọ fáìlì tó ní àlàfo kì í ṣí. Fọ́ńṣọ̀n `open_path` nínú `src/loader.py` ló ń gé orúkọ náà sí méjì níbi àlàfo. Ohun tí a fẹ́: kó ka orúkọ náà lódindi. Ẹ fi ìdánwò kan kún `tests/test_loader.py`, ẹ wo `test_empty_name` bí àpẹẹrẹ. Ẹ fi `pytest tests/test_loader.py` yẹ̀ ẹ́ wò.

GitHub ń kó àwọn tó ní àmì yìí jọ sí ojúewé kan. Ẹ fi `/contribute` kún ìparí àdírẹ́sì iṣẹ́ yín, ẹ ó rí i. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe é, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ kò bá gbúròó rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìbínú.

`CONTRIBUTING.md`, fáìlì tó ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè kópa, pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí container tó ṣófo (bíi kọ̀ǹpútà tuntun tí a kò tíì fi nǹkan kan sí), kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ lẹ́tà kan sí èkejì. Ibi tí ẹ bá ti dúró ronú ni àlejò ti ń padà sílé.

Nígbà tí pull request (kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé kí ẹ gbà wọlé) bá dé, ẹ wo bóyá ìdánwò ń lọ. GitHub kì í jẹ́ kí Actions, ohun tó ń ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀, ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń kópa lẹ́ẹ̀kíní títí alábòójútó yóò fi fọwọ́ sí i, ẹni náà á sì rò pé ẹ pa òun tì. Ọ̀rọ̀ àlàfo àti ibi tí kọ́mà wà, ẹ fi sílẹ̀ fún formatter, sọ́fítíwíà tó ń tún kóòdù tò. Kí `Fixes #482` wà nínú àlàyé pull request, kí issue náà lè tì fúnra rẹ̀ nígbà tí kóòdù bá wọ ẹ̀ka àkọ́kọ́ (default branch). Àwọn oníṣẹ́ Linux kernel máa ń kọ `Reported-by:` sí ìsàlẹ̀ commit fún ẹni tó kọ́kọ́ rí bug. Ẹ yá a lò.

Ẹ má fi ẹ̀bùn ṣe ìwúrí kánmọ́kánmọ́. Ní 2020, nítorí aṣọ tí Hacktoberfest, ètò ọdọọdún tó ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ open source ní oṣù October, ń fún àwọn tó bá kópa, pull request yẹpẹrẹ ya bo àwọn iṣẹ́ tí kò pè wọ́n, títí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ fi sọ ọ́ di pé iṣẹ́ tó bá fẹ́ nìkan ni yóò kópa.

Ẹni tó bá ti ran ìjábọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ láìbéèrè ohunkóhun, ẹ fún un ní ipò Triage: á lè fi àmì sí issue, á lè tì í pa, kò sì ní lè fọwọ́ kan kóòdù. Àkáǹtì ẹnìkan kò ní ipò yìí o. Ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sábẹ́ organization (àkáǹtì ẹgbẹ́). Ọ̀fẹ́ ni dídá a sílẹ̀, àdírẹ́sì àtijọ́ á sì máa darí àwọn ènìyàn lọ sí tuntun.