Ohun tó fẹ́ ìka ọwọ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ ṣe: fún akẹ́kọ̀ọ́ UK tó ń bọ̀ wálé l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kàwé ní UK, tẹ́ ẹ fẹ́ wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pọ̀ rárá. O máa lọ kí ìyá àgbà n'Ìjàyè, wàá lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá ẹ l'Ádàtán, wọ́n á ní kó o dúró jẹun, ìgbéyàwó á wà lọ́jọ́ Sátidé, kó o tó mọ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, iṣẹ́ tó gbé ẹ wálé ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ wálé. Páásípọ́ọ̀tù mi ti fẹ́ ẹ́ ẹ̀sípáyà, mo wá fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹbí, ìgbà tí mo dé òfíìsì ni wọ́n sọ pé orúkọ tó wà lórí NIN mi ò bá ti ìwé ìbí mi mu, lẹ́tà "h" kan ṣoṣo ló fa gbogbo ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí mo máa fò ni ìwé náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kójú ẹnikẹ́ni rí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa kọ gbogbo iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo máa wá bi ara mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, ṣé ẹlòmíì lè bá mi ṣe eléyìí àbí àfi kí n fi ìka ọwọ́ mi àti ojú mi débẹ̀? Èyí tó bá fẹ́ ìka ọwọ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ni ín. Páásípọ́ọ̀tù wà ńbẹ̀, àtúnṣe NIN, ọ̀rọ̀ BVN ní báńkì, àti símù. Ìyókù, wá ẹni bá ẹ ṣe é.

Ti páásípọ́ọ̀tù, UK ni kó o ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o sì ti mú ọjọ́ tó o máa lọ ya fọ́tò l'Abẹ́òkúta níbí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5, ₦200,000 sì ni olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10. Tó o bá lè rówó ẹ̀, ọlọ́dún mẹ́wàá ni kó o gbà, torí ẹni tó ṣì fẹ́ ṣe masters tàbí kó dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, kí ló fẹ́ máa sáré yìí lẹ́ẹ̀kan sí i fún? Kó o tó sanwó, gbé NIN ẹ, ìwé ìbí ẹ àti páásì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà, pàápàá tí orúkọ ẹ bá ní "sh" àbí "ph" nínú.

Tí tuntun bá ti jáde, kò tíì parí o. Kádì BRP tá a ń lò tẹ́lẹ̀ láti fi hàn pé a láṣẹ láti gbé ní UK ti kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá 2024, eVisa, ìyẹn físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù, páásípọ́ọ̀tù tó o so mọ́ ọn làwọn tó ń wo ìwé ní éápọ́ọ̀tù máa ń yẹ̀ wò. Nítorí náà wọlé sínú àkáǹtì ẹ lọ́dọ̀ UKVI, àwọn tó ń bójú tó físà UK, fi nọ́ńbà tuntun sí i kó o tó lọ éápọ́ọ̀tù. Ohun kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn ò rò tẹ́lẹ̀, kóòdù ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ kó o tó lè wọlé, tí símù UK ẹ ò bá sì gbé nẹ́tíwọọ̀kì l'Abẹ́òkúta ńkọ́? Íméèlì ni kó o ní kí wọ́n fi í sí. Páásì àtijọ́, mú un dání, má jù ú nù.

Símù Nàìjíríà ẹ náà, tó o bá fi í sílẹ̀ láìlò fún ọjọ́ 180, wọ́n lè tì í pa, tó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n á gbé nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì. Báńkì ẹ sì rèé, nọ́ńbà yẹn ló ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Jí i padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó o bá ń padà lọ, fi í sínú fóònù kékeré sílẹ̀ fún màmá ẹ, kí wọ́n máa fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Aago náà máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago kan náà là ń lò pẹ̀lú London, àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù, àwa la fi wákàtí kan ṣíwájú. Fi àárọ̀ tò lórí ìlà n'Íbàrà tàbí Òkè-Mosàn, kó o fi ọ̀sán pe skúùlù tàbí lándílọ́ọ̀dù. Kó o tó kúrò lọ́hùn-ún rárá, jẹ́ kí skúùlù mọ ọjọ́ tó o máa lọ àti ọjọ́ tó o máa dé, má sì fi ọjọ́ tí skúùlù wọlé gangan ṣe ọjọ́ tó o máa balẹ̀, torí ọyẹ́ oṣù kejìlá sí oṣù kìíní máa ń dá ọkọ̀ òfúrufú dúró ní Èkó.

Tó o bá fẹ́ àdìrẹ, ọjọ́ tó o bá dé gan-an ni kó o lọ bá aládìrẹ n'Ítòkú. Mo dúró ti màmá kan tó ń re tèmi, ó rì í bọ inú aró, ó fà á jáde, ó ní àwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú mi, ó tún rì í padà. Wọ́n ò lè kánjú ṣe é, tó bá sì jẹ́ oṣù keje lòjò á máa dí i lọ́wọ́, aṣọ ò ní gbẹ. Tó o bá gbà á, fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́, sá a síbi tí oòrùn ò pa, máa ṣàn án títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta jẹ́ nínú àpótí mi.

Oúnjẹ, jẹ́ kí àbúrò ẹ lọ rà á ní Láfẹ́nwá: gàárì, ìrẹsì ọ̀fadà, láfún. Ọmọ Ẹ̀gbá ò lè lọ láì gbé láfún, àmọ́ ìyẹ̀fun funfun ni, kó o má lọ dì í sínú ọ̀rá tí ò lórúkọ. Di í ní ọ̀rá méjì, lẹ bébà mọ́ ọn, kọ "cassava flour" gàdàgbà sí i. Ẹja gbígbẹ ò burú, ṣùgbọ́n ẹran kankan má wọ inú àpótí yẹn, kìlíṣí o, pọ̀nmọ́ o, UK ò gbà á, wọ́n á kó o dà nù. Ata díndín, inú àpótí ńlá ló ń lọ, torí tó bá ju 100ml lọ wọn ò ní jẹ́ kó o gbé e lọ́wọ́ wọ bààlúù. Wọn àpótí náà nílé, kílò 23 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà fún ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tó o máa lọ, tí ẹrù ẹ ò bá wúwo jù, ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ràn ju títì Ṣàngó lọ. Wọ̀ ọ́ ní Laderin, Agége ni kó o bọ́ sílẹ̀, má jókòó dé Èbúté-Mẹ́ta, Agége ló sún mọ́ éápọ́ọ̀tù. Kì í rìn lemọ́lemọ́, nítorí náà wo àkókò ẹ̀ kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó bá ṣeé ṣe, ọjọ́ kan ṣáájú ni kó o lọ, kó o sùn sọ́dọ̀ ẹbí n'Íkẹjà.