Bí A Ṣe Ń Kó Àtúntẹ̀ Àwòrán Ẹ̀sìn Albrecht Dürer Jọ

Lẹ́tà A ńlá tí D kékeré dúró sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀: àmì Albrecht Dürer, ará Nuremberg ní Jámánì (1471–1528), nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sanwó gọbọi nítorí àmì yìí nìkan. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1506, nígbà tí Dürer ṣì wà láyé, Marcantonio Raimondi, ará Ítálì tó ń fín àwòrán, ti da àwòrán Ìgbésí Ayé Màríà rẹ̀ kọ sára bàbà, tòun ti àmì náà. Àmì ń sọ ẹni tó ya àwòrán. Kò sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tàbí ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Àtúntẹ̀ yẹ ní kíkó jọ, ó sì lẹ́wà, bí a bá ti rà á ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an.

1. Mú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo

Ìjìyà Kékeré, ọ̀wọ́ àwòrán Dürer nípa ìjìyà Kristi, ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán 37 ni, tí wọ́n gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó fi pákó náà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà; ó jáde bí ìwé ní 1511, a sì mọ ìtàn àwọn àtúntẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

2. Mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ

Ìwé 1511 ní ọ̀rọ̀ Látìn lẹ́yìn àwòrán. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1612, láti ara pákó Dürer gan-an, ní ọ̀rọ̀ Ítálì. Pákó 35 nínú wọn ṣì wà ní British Museum. Ara wọn ni wọ́n ti fi irin yíyọ́ ṣe ẹ̀dà tí Henry Cole fi tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní London ní 1844. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi fọ́tò ṣe, bíi ti Reichsdruckerei, ilé ìtẹ̀wé ìjọba Jámánì ní Berlin, tó máa ń ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn.

3. Wọ̀n ọ́n

Àwòrán kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi mílímítà 127, ó fẹ̀ tó 97. Wọn ìlà tó yí àwòrán ká, má wọn bébà. Ìyàtọ̀ mílímítà kan tàbí méjì kò ṣe nǹkan, nítorí bébà tútù máa ń sún kì bó bá gbẹ. Bó bá tó márùn-ún, ẹnì kan ló dà á kọ tàbí ló fi fọ́tò sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré.

4. Fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó

Ẹni tó bá ti rí igbá fínfín yóò tètè mọ̀ ọ́n: ibi tí ọ̀bẹ gbẹ́ di kòtò, ìlà tó ṣẹ́kù ló ń gba tàdáwà. Ìlà yẹn máa ń ti tàdáwà sí etí, nítorí náà etí ìlà dúdú ju àárín lọ. Wo irun orí Kristi àti ìtànṣán tó yí i ká. Bí o bá rí àmì kékeré tóótòòtó, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Àmì funfun roboto lórí ìlà dúdú jẹ́ ihò kòkòrò tó jẹ pákó.

Àmọ́ ṣọ́ra níbí. Bí wọ́n bá fi fọ́tò gbé àwòrán sórí síńkì, tí wọ́n sì fi ásíìdì jẹ ẹ́, òun náà yóò tẹ bébà bíi pákó, ihò kòkòrò yóò sì tẹ̀ lé e. Awò nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí; bébà ló kù.

5. Yẹ bébà wò

Tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o rí bóyá ìlà àwòrán yọ gùdugùdu. Lẹ́yìn náà, gbé e síwájú iná. Bébà àtijọ́ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí ìlà gígùn dá kọjá. Èyí tó dán láìní ìlà kankan kò sí ní Yúróòpù ṣáájú àwọn ọdún 1750. Bó bá tàn búlúù yòò lábẹ́ iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò rí), ó jọ pé bébà ọ̀rúndún ogún tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bébà olílà kò sì jẹ́ ẹ̀rí pé àwòrán gbó, torí àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ewé òfìfo tí wọ́n ya nínú ìwé àtijọ́.

6. Tọ́jú rẹ̀

Má lo sẹ́lótéèpù láé: gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, yóò sì wọ inú bébà. Fi bébà Japan pélébé méjì àti lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà sè gbé e kọ́ láti òkè, sórí páálí tí kò ní ásíìdì. Má gé etí rẹ̀. Pa á mọ́ níbi tí ọ̀rinrin kò ti ju ìpín 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì pupa bíi ìpẹtà lè yọ lára rẹ̀. Kọ ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti iye tí o rà á sára fódà, má kọ ọ́ sára àwòrán.