Òsì kún ìgò, ọ̀tún ò ju ṣíbí méjì lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí omi ọmú tí kò dọ́gba

Ohun èlò ìkókó ni mo ń tà. Bí mo bá ní kí n ka iye abiyamọ tó fi páńpù, ẹ̀rọ tó ń fa omi ọmú, fún omi ọmú sínú ìgò méjì, tó sì fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀kan kún, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lórí. Mo ti dáhùn lówùúrọ̀, mo ti dáhùn lóru. Ó ti sú mi, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí, ọmú kan ń sun ju èkejì lọ. Ṣé àrùn ni?

Rárá. Ṣé bàtà tuntun kì í fún ẹsẹ̀ kan ju èkejì ni? Bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn. Ẹ da ìgò méjèèjì pọ̀, kí ẹ wo iye tó jẹ́.

Ọjọ́ kejì tí mo bímọ rèé, páńpù ò rí nǹkan fà.

Omi ọmú àkọ́kọ́ ki, kò sì pọ̀. Bí ẹ bá rí ṣíbí tíì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rí i nìyẹn. Ara ike páńpù ló máa ń lẹ̀ mọ́ tán, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ fún un sínú ṣíbí. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni ọmú sábà máa ń kún. Bí ìyá àgbà kan bá ní kí ẹ fún un dànù torí pé ó pọ́n, ẹ dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì fún ọmọ mu.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n fún un lójúmọ́?

Bó bá jẹ́ páńpù nìkan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín wákàtí 24. Òru wà nínú rẹ̀ o. Ẹni tó fún un lẹ́ẹ̀mẹta tó wá ń bi mí pé kí ló dé tí kò sun, kí ni kí n sọ fún un?

Wọ́n ní kí n máa mu ẹmu. Wọ́n tún ní àgbo.

Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ jẹ ọbẹ̀ ẹja, ẹ mu omi dáadáa. Ara abiyamọ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó mọ ọ̀nà ọmú ọ̀tún nìkan, èmi ò tíì rí i. Ní ti ẹmu, ọtí wà nínú rẹ̀, ọtí kì í sì í jẹ́ kí omi ọmú tètè sọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ń ta mí, ibẹ̀ náà ni kò ti sun dáadáa.

Ife páńpù, èyí tí ẹ ń gbé lé orí ọmú, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó máa ń bá páálí wá sábà máa ń jẹ́ 24 tàbí 28 mílímítà, kò sì sí ẹni tó wọn yín kí wọ́n tó dì í. Ẹ fi rúlà wọn ìbú orí ọmú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí orí ọmú bá ń ha ògiri ife, ife ti kéré. Bí awọ dúdú tó yí i ká bá ń wọ inú ife lọ, ó ti tóbi. Ẹ lè lo ìwọ̀n kan ní ọ̀tún, kí ẹ lo òmíràn ní òsì.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀tún ò tún sun.

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ mi rèé.

Ọmọ mi kejì kò pé oṣù kí n tó bí i. Kò lágbára àtifa ọmú. Túùbù tó gba imú rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ, èmi á fún omi ọmú sínú ìgò, màá gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Òsì ń fún mi ní mílílítà 60. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó di 30, ó di 15. Ìyá ọkọ mi wò ó títí, wọ́n ní ayé ti wo ọmú yẹn. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n fi aṣọ ìnura gbígbóná jó o, wọ́n gbé àgbo wá. Mo mu ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Lóru ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo to páńpù nínú òkùnkùn, mo sì gbé ife ọ̀tún sí òsì láìmọ̀. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìgò, òsì tí kò já mi kulẹ̀ rí kò ju 20 lọ. Ọ̀tún ti lé ní 25. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí.

Ilẹ̀ mọ́, mo tú u palẹ̀. Rọ́bà funfun kékeré kan wà lábẹ́ ife, tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Òun ló ń pa ẹnu dé kí páńpù tó lè fà. Mo fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó ti ya ní igun, yíya náà ò ju fọ́nrán irun lọ. Èmi ni mo ya á, torí mo ń fi igi tó ní òwú lórí nu inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ sì ń dún bó ṣe máa ń dún, ta ni ìbá fura? Owó rọ́bà tuntun kò tó owó àgbo.

Mo pààrọ̀ rọ́bà, síbẹ̀ ọ̀tún ò gbéra lọ́jọ́ náà. Ọmú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìṣirò tirẹ̀. Omi tí a kò fún kúrò ló ń sọ fún un pé kó dín kù, ti ọ̀tún mi sì ti gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí méjèèjì bá ti tán, mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i fún ọ̀tún nìkan, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ ti ń fà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé 40. Kò dé 60 títí tí mo fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ gbé gbogbo ohun tó wà ní ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí àìsun omi ọmú bá tẹ̀ lé ife, ẹ̀rọ ló ní in. Bó bá dúró sára ọmú, ẹ ka ìsàlẹ̀.

Mo pààrọ̀ wọn. Ọmú náà ṣì ni.

Ẹ ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo wí yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọmú náà rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má ra oògùn tí kẹ́míìsì ní ó ń mú omi ọmú pọ̀. Dókítà ni kó kọ ọ́.

Kókó wà níbẹ̀, ara mi sì ń gbóná.

Ilé ìwòsàn, lónìí. Wọ́n á ní kí ẹ wò bóyá ó pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: bó bá gbóná ju èkejì lọ, tó sì ń ro yín, ó tó. Ẹ má dá fífún rẹ̀ dúró. Kókó tí kò lọ lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, ẹ padà lọ fi hàn wọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ń yó?

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ìlédìí mẹ́fà tó tutù dáadáa lójúmọ́. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, kó ti padà sí ìwọ̀n tí ẹ bí i sí. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ fúnra rẹ̀ lọ sí ìwọ̀n, fọ́tò ìgò ò ní nǹkan kan láti sọ fún wọn níbẹ̀.