Bí A Ṣe Lè Lé Kòkòrò Legionella Jìnnà sí Omi Ilé

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì dúró sójú kan, ni Legionella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn. Láàárín 20 sí 45°C ni ó ti ń bí sí i. Ní 60°C, kì í pẹ́ kú. Mímu kọ́ ni ó sábà ń gbà wọlé. Ẹ̀kán omi tíntìntín tí a ń fà símú lábẹ́ ṣáwà ló ń gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà omi lè mọ́ lójú kó má sì rùn, kó ṣì ṣeni léṣe.

Ẹ yí hítà sí 60°C. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná tó jìnnà sí i jù, kó ṣàn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Bí kò bá tó 50°C, ooru ń sá lọ lójú ọ̀nà: bóyá páìpù kò ní ìbora, tàbí ẹ̀rọ tó ń yí omi náà po ti kú. Omi 60°C a máa bóni lára ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà ẹ fi fáàfù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù sí ìtòsí ẹnu ẹ̀rọ gan-an.

Omi tútù kò gbọdọ̀ ju 20°C lọ. Níbi tí ojú ọjọ́ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, klorínì, èròjà tó ń pa kòkòrò inú omi, ni ẹ ó gbára lé: ó kéré tán 0.2 mg nínú lítà kan, níbi ẹ̀rọ tó jìnnà jù.

Páìpù tí wọ́n dí lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n yọ agbada ìfọwọ́ kúrò ló burú jù. Nǹkan yíyọ̀ á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, klorínì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Títì í pa kò tó. Ẹ gé e dé ìdí.

Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í lò, ẹ máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ooru rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Tó bá jẹ́ ṣáwà, ẹ so ọ̀rá mọ́ ọn lórí, kí ẹ gé igun rẹ̀ kan, kí omi má baà ta sáfẹ́fẹ́. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ tú orí ṣáwà, ẹ rì í sínú fínígà, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha èépá funfun inú ihò rẹ̀.

Táǹkì tó gba ju omi ọjọ́ kan lọ ti tóbi jù. Ẹ dé e dáadáa, kí ẹ fi àwọ̀n dí ihò atẹ́gùn. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ pa hítà, ẹ kìlọ̀ fáwọn ará ilé kí wọ́n má fọwọ́ kan omi, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún bu omi kún un, kí ẹ sì da bílíìsì sí i. Lítà bílíìsì kan tó ní klorínì 5% ló ń sọ 1,000 lítà omi di 50 mg nínú lítà kan. Ẹ ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn klorínì á fi jáde, ẹ tì í, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù títí òórùn á fi lọ. Ẹ má jẹ́ kí bílíìsì pàdé fínígà: gáàsì olóró ni wọ́n ń bí.

Ẹ máa kọ ìwọ̀n ooru ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tó ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ pe plọ́ḿbà sí.