Bí A Ṣe Ń Fi Eré Kọ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́ta sí Márùn-ún

Ní ọdún 1837, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Fröbel ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí ìlú Blankenburg fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé í lọ. Nígbà tó di 1840, ó sọ irú ilé ẹ̀kọ́ náà ní Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Àwa náà sọ tiwa lórúkọ: jẹ́léósinmi. Ẹ gbọ́ orúkọ méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan ń sọ nípa ọmọ tó ń dàgbà bí irúgbìn, èkejì ń sọ nípa ìyá tó fẹ́ kí ilé dákẹ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o; èmi náà ti wá ìsinmi yẹn rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ti fẹ́ kí ó dákẹ́ ni a máa ń tètè gbé ìwé ABD lé lọ́wọ́, nígbà tí ìka rẹ̀ kò tíì lè di pẹ́ńsùlù mú.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ ṣe lè ṣètò eré, ní kíláàsì tàbí nínú yàrá kan ṣoṣo, kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa darí rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Owó kọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹnu àgbà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wòran fún ọjọ́ mẹ́ta

Kí ẹ tó kó ohunkóhun jọ, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ jókòó sítòsí ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ má dá sí i. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ohun tó mú, bó ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. “Ó ń ṣeré” kò tó láti kọ. “Ó da omi láti inú ife sínú ìgò, ó kún, ó dà sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà”: èyí lè wúlò fún yín lọ́la.

Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ óò rí i pé nǹkan kan náà ló ń padà wá. Ọmọ kan á máa kó nǹkan láti igun kan lọ sí igun kejì ṣáá. Òmíràn á máa to nǹkan lérí ara wọn. Mo mọ ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá rí ló ń fi aṣọ wé, títí kan bàtà mi. Ohun tó ń padà wá yẹn ni ọmọ ń ro lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ojú-ewé kìíní ìwé olùkọ́ sílẹ̀ ná.

Kíkó ohun èlò jọ

Nígbà tí Maria Montessori, dókítà ará Ítálì kan, ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ sí àdúgbò àwọn tálákà ní San Lorenzo, nílùú Róòmù, ní oṣù kìíní ọdún 1907, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ máa ń fi ohun ìṣeré olówó sílẹ̀, tí wọ́n á gba ìdí ohun tí ọwọ́ wọn lè fi ṣiṣẹ́ gidi lọ. Orúkọ obìnrin náà ti pọ̀ lára pátákó ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú kíláàsì kí ẹ tó gba pátákó gbọ́.

Èyí ni mo máa ń wá: ìdérí ìgò, ike omi, páálí, àjákù àǹkárá, ìkarahun ìgbín, abọ́ àti ṣíbí àtijọ́, agolo mílíìkì tí a ti lu etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má bàa gé ọmọ lọ́wọ́. Káfíńtà àdúgbò á fún yín ní gígékù pákó lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sáńpépà ra á. Yẹ̀pẹ̀ àti omi ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ tún lè po iyẹ̀fun ìṣeré fúnra yín. Iyẹ̀fun búrẹ́dì ife 2, iyọ̀ ife 1, òróró ṣíbí ńlá kan. Ẹ wọn omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ife 1, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ó lè má gbà á tán. Ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ata ilẹ̀ pupa á jẹ́ kó pọ́n bí ìyeyè, omi zobo á fún un ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ewu kò gba àwàdà. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà níbẹ̀, ẹ mú páálí inú tíṣù ìgbọ̀nsẹ̀: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Ìdérí ìgò wà lára wọn, ọmọ ayò náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀wà àti àgbàdo máa ń wọ imú àti etí. Bátìrì kóróńbótó, irú ti aago ọwọ́, kò gbọdọ̀ sí nítòsí rárá. Ẹ má lo ike tó ti gba kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Tí omi bá wà nílẹ̀, àgbà kan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí omi inú garawa tó láti pa ọmọ kékeré. Ẹ dà á nù lẹ́yìn eré. Ẹ̀fọn ò nílò ìkésíni.

Àkókò

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan, láìsí agogo láàárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dà bí ọjà tó tú ká. Ẹ fara dà á.

Ẹnu yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan bu yẹ̀pẹ̀ sínú agolo ní kíláàsì mi, ó ní gàrí lòun ń tà. Ó bù ú títí ó fi ga bí òkìtì, ó tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e lórí. Ó ní, “Èènì nìyẹn.” Ó kù díẹ̀ kí n ní, “Agolo mélòó nìyí? Ó yá, kà á kí n gbọ́.” Mo gbé e mì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí oníbàárà, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyá oní-gàrí. Owó ọwọ́ mi ò mà tó ra agolo kan.”

Ó wo agolo, ó wò mí. Ó da gàrí náà padà títí ó fi ku nǹkan bí ìdajì, ó wá nà án sí mi. “Tiyín rèé. Kò sí èènì.”

Ìdajì nìyẹn o, mi ò sì tíì kọ́ ọ ní ìdajì rí. Ká ní mo ti ní kí ó kà, á kà á, á dé orí mẹ́wàá, eré á sì parí síbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Mo ń sọ ohun tí mo rí: “O fi pákó gígùn sísàlẹ̀.” Mo lè béèrè ohun tí èmi fúnra mi kò mọ ìdáhùn rẹ̀: “Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá gbé ìkarahun yìí lé e?” Lẹ́yìn náà ni mo ń dúró, mo ń ka ení dé ẹ̀wá nínú mi kí n tó tún sọ̀rọ̀. “Àwọ̀ wo nìyí?” kì í ṣe ìbéèrè, ìdánwò ni, ọmọ sì mọ̀. Ẹ dín “o káre” náà kù. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú yín dípò kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí eré wáyé ní èdè tí ọmọ fi ń lá àlá. Ní 1970 ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tó fi hàn wá pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ kejì

Ẹ padà sí ìwé kékeré yín, kí ẹ wá fi ohun kan ṣoṣo kún eré ọmọ náà. Fún oní-gàrí mi, mo gbé páálí àti pẹ́ńsùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ó fa ìlà wúruwùru, ó ní iye owó ni. Ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta mo fi okùn so agolo méjì mọ́ hángà kan kí ó lè fi wọn nǹkan. Kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Mo gbé e kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ayò: ó dára. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní tẹ̀lé òfin rẹ̀, ẹ má fipá mú un. Ó tó tó bá ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bojúbojú àti òkòtó náà dára, àmọ́ àwọn yìí ti ní òfin kí ọmọ tó dé bá wọn. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò wákàtí tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀.

Ààlà

Pé ọmọ ń darí eré kò sọ pé òun ló ń darí ilé. Òfin mẹ́ta ni mo ní: a kì í ṣe ara wa léṣe, a kì í ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, a máa ń kó nǹkan padà sáyè rẹ̀. Tí àwọn méjì bá ń ja agolo kan gbà, ẹ má tètè dájọ́. Ẹ di agolo mú, kí ẹ ní, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ ẹ. Báwo la ṣe máa ṣe é?” Ó máa ń pẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àbá tí wọ́n ń mú wá kì í bá ojú tèmi mu, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Òbí tó ń béèrè ìwé

“Kí lẹ kọ́ wọn lónìí?” Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Láti ọdún 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà ti ní kí eré jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó fi máa kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi, ẹ lè sọ ìyẹn fún òbí. Kò sì ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó ń yí òbí lọ́kàn padà ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lára ògiri, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ fi iyẹ̀fun pípò hàn án, kí ẹ ṣàlàyé pé iṣan tó ń fún iyẹ̀fun ni yóò di pẹ́ńsùlù mú.

Tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ pè é wá fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ẹ fún un ní àga kúkúrú àti ìwé kékeré, kí ẹ sì sọ ohun mẹ́ta tó máa kọ fún un: ohun tó mú, bó ṣe pẹ́ tó, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó má dá sí i.